Ẹ Dúró Kó Pe Baba

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ràn òwe ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn èèyàn lọ. Èèyàn á ṣubú, wọ́n á pa òwe lé e lórí, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan wà nínú àwọn òwe wọn tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ títí tí màá fi kú. Bí ẹnì kan bá sì pa á níbi òkú mi, kó mọ̀ pé màá dìde jókòó. Òun ni èyí tí wọ́n máa ń sọ pé, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá.

Òwe náà ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn tó ń pa á ni mò ń bá jà.

Pépà ni mò ń tà ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ẹ má rò pé pépà funfun tí wọ́n dì pa bí ọmọ ìkókó ni o. Àjẹkù ni tèmi. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gé ìwé tán, èyí tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àti èyí tí yíǹkì bà jẹ́, tí orí ìyàwó wà níbi ẹsẹ̀ ọkọ nínú káàdì ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ẹlẹ́pà ń rà á, onísùyà ń rà á, àwọn tó ń ṣe jọ́tà fún ọmọ iléèwé náà ń rà á. Mo ti rí ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí bàbá olóògbé síbi tó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì tà á fún ẹlẹ́pà. Ohun tí ilé ìtẹ̀wé kọ̀, òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Èmi fúnra mi, iléèwé tí mo lọ, mo ti kúrò níbẹ̀ kí tíṣà tó mọ orúkọ mi. Ẹnu ni Ọlọ́run fún mi dípò ìwé, kò sì ṣahun nígbà tó ń fún mi.

Ọkùnrin kan ló máa ń kó ẹrù mi wá. Ọmọlanke ló ń tì. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa kó pépà tuntun láti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tà á lọ sí ilé ìtẹ̀wé káàkiri Ṣómólú, bó bá sì ń padà bọ̀ ní òfìfo, á bá mi kó àjẹkù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì jù ú lọ. Abúlé Òkúta ló ń gbé. Akólòlò sì ni. Bó bá fẹ́ sọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ fún ẹ, wàá ti ra búrẹ́dì, wàá ti jẹ ẹ́ tán, kó tó kúrò lórí "Abúlé".

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Oníjà ni. Ahun ni. Ẹja tó bá jẹ lọ́dọ̀ rẹ, á ní kò tó. Bí onímárúwá bá fi kẹ̀kẹ́ họ ọ́ lára, á dá ọmọlanke dúró láàárín títì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá èébú, ṣùgbọ́n kí èébú náà tó jáde, onímárúwá ti dé Bàrígà. Mo máa ń sọ fún un pé ó ní èébú púpọ̀ nínú tí kò tíì rí ẹni fún. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ kan, ó já ẹrù mi tán, kò lọ. Ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó tún nu ojú.

"M-màmá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi d-dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Dúró ṣe kí ni? Ṣé o fẹ́ gbéyàwó ni? Ta ló ṣe irú àṣìṣe yẹn?"

"Ì-ìrìbọmi."

Ó yà mí lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wá. Mo ti ń rí i lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Mo ní, "O ò tíì ṣe ìrìbọmi? Kí lo wá ń jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ yìí?"

"K-kò sí. Ohun tó jẹ́ kí n f-fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé lóòótọ́, ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí a bá ń tò lọ síwájú láti gba Ìdàpọ̀ Mímọ́, òun kì í dìde. Nínú ìjọ tiwa, ẹni tí kò bá ṣe ìrìbọmi kì í jẹ nínú búrẹ́dì yẹn. Á jókòó, á gbé fìlà lé orúnkún, á máa wo ẹ̀yìn wa bí ẹni tó ń ka iye ìkọ́ tó wà lára búbà wa. Mo máa ń rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ó ní, "Màmá, gbogbo ẹrù tí mò ń k-kó, ẹnu ọ̀nà ni mo ń já a sí. 'Dúró níbẹ̀, má wọlé, ẹsẹ̀ ẹ d-dọ̀tí.' Mo mọ gbogbo ilẹ̀kùn Ṣómólú. Mi ò mọ p-p..."

"Mi ò mọ pálọ̀ kan," mo bá a sọ ọ́.

Ó na ìka sí mi. "Ẹ j-jẹ́ kí n sọ ọ́! Mi ò mọ p-pálọ̀ kan. Tí mo bá wá dé ilé Ọlọ́run, ẹnu ọ̀nà náà ni? Mo f-fẹ́ wọlé."

Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ mí lára, ẹ̀fẹ̀ ni mo máa ń fi bo ara. Mo ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ pọ̀ lọ bẹẹrẹ, àwọn tó ń wọ aṣọ funfun. Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Nítorí ẹnu yín ló m-mú jù ní Bajulaiye."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n gbá a létí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi á wọ kíláàsì fún oṣù mélòó kan. Ní ìparí, á mú ọmọ ìjọ kan dání tó máa bá a dúró, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ ka Àdúrà Olúwa àti Ìgbàgbọ́ níwájú olùkọ́ kíláàsì àti àlùfáà, láìwo ìwé. Bó bá yege, ní ọjọ́ ìsìn á tún ka Àdúrà Olúwa níwájú gbogbo ìjọ kí omi tó kàn án. Ohun tí mi ò mọ̀, tí ọkùnrin yìí fi pamọ́ fún mi títí a fi ń lọ lọ́nà, ni pé ó ti wọ kíláàsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ṣé o gbàgbé rẹ̀ ni?"

"R-rárá. Olùkọ́ bá mi sọ ọ́ tán. Ó wá ní mi ò m-mọ̀ ọ́n."

Láti orí títì ni mo ti ń pòṣé.

Olùkọ́ náà, ẹ gbọ́ irú ẹni tó jẹ́. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ni, èmi náà máa ń ra àjẹkù rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Á kí ẹ, á béèrè ọmọ, á béèrè ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ máa ń wà lára ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ. Gbogbo ayé rẹ̀ ni iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́ gbà lónìí. Àlùfáà wa sì kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa, a ò sì tíì mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, nítorí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí iná. Ooru mú bí ẹni pé ọ̀run àpáàdì ló ń ṣe àpẹẹrẹ ara rẹ̀ fún wa. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ dìde, ó ń relé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀, ó sì nílò ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi. Ó ka Àdúrà Olúwa bí ẹni tó ń pe nọ́ńbà káàdì fóònù fún ẹni tó ń kánjú. Kò mí títí dé Àmín. "Ó dára púpọ̀!" ni olùkọ́ wí. Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni "Baba" àti "Àmín". Mi ò mọ̀ bóyá Baba fúnra rẹ̀ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan ọlọ́mọlanke mi. Ó dìde. Ó ti fọ ẹsẹ̀, ó ti fi ìpara ra á, ó ń dán. Ó di fìlà mú bí ọwọ́ ọmọlanke.

"B-b-b..."

Olùkọ́ wo ojú fèrèsé. "Baba wa," ó bá a sọ ọ́.

Ọkùnrin náà mi orí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "B-b-b..."

"Baba wa, tí ń bẹ ní ọ̀run," ni olùkọ́ wí, ó ń fi ìka lu tábìlì, "ó yá, ẹ máa bọ̀."

"B-b..."

"Ó ti tó, bàbá. Ẹ jókòó." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tì ẹ́ síta. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ọlọ́run mọ ọkàn yín. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń relé ọkọ náà rẹ́rìn-ín. Mo dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, 'bó pẹ́' tí ẹ ń wí yẹn, ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Mama, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ ní bó pẹ́ bó yá, á pe bàbá. Ẹ ò jẹ́ kó pẹ́, ẹ ò jẹ́ kó yá. Ibo ló ti máa wá pè é? Ṣé nínú sàréè?"

"Mama, ẹ jẹ́ ká fi làákàyè ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsìn yẹn. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun á máa wò ó lórí fóònù. Ṣé a ó dúró kí gbogbo ayé máa wo... Ó dáa, kó kúkú kọ ọ́ lórin. Akólòlò kì í kólòlò nínú orin."

Ọkùnrin ọlọ́mọlanke ti jókòó. Ibi tó jókòó sí ló ti dá a lóhùn. "Ṣ-ṣé orin lẹ fi ń bá bàbá yín s-sọ̀rọ̀?"

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ̀rín náà gbẹ. Mo bi olùkọ́ léèrè ọjọ́ tí olóṣèlú kan wá dúpẹ́ níwájú pẹpẹ wa, tó gba ẹ̀rọ asọ̀rọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tó ṣèlérí ọ̀dà fún títì wa, tó tún kí àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló wo aago? Ta ló bá a parí ọ̀rọ̀? Ìrẹsì àwọn èèyàn jóná nílé lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ a jókòó, a ń pàtẹ́wọ́. Mo ní èyí tó kó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la òkun já ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé ó sọ fún Ọlọ́run pé ẹnu òun wúwo ni? Ká ní ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìdánwò fún un, wọn ì bá ṣì wà ní Íjíbítì títí dòní, tí wọ́n ń mọ bíríkì. Mo ní ẹni tí ẹ dá padà lẹ́ẹ̀mejì yìí, Abúlé Òkúta ló ti wá. Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ ni?

Olùkọ́ nu ojú. Ó fẹ́ fi ọgbọ́n pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ó dára, Mama. Ẹ̀yin lẹ bá a dúró, ẹnu yín sì dá ṣáká. Ẹ bá wa ka Ìgbàgbọ́, kó gbọ́ bí ó ṣe yẹ kó lọ."

Ìyìn máa ń dùn mọ́ mi, èmi kọ́ ni mo dá ara mi. Mo tún gèlè ṣe, mo sì ka Ìgbàgbọ́. Mo kà á bí mo ṣe máa ń kà á láti ìgbà tí mo ti ṣe ìrìbọmi tèmi, gìrì gìrì, bí omi tó já láti orí páànù. Olùkọ́ ń mi orí síwá sẹ́yìn. "Ẹ ò rí i?" ló wí. "Báyẹn ni."

Àlùfáà kékeré yẹn gbé orí sókè. Ó ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ tún ibi tí wọ́n ti jẹ Jésù níyà yẹn sọ. Ẹ rọra sọ ọ́."

Mo rọra. "Tí ó jìyà... lọ́wọ́... Pọ́ọ̀lù... àti Pílátù."

Àlùfáà tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Pọ́ọ̀lù àti ta ni, mà?"

"Pílátù. Àwọn méjèèjì."

Ẹ gbọ́, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi ni mo ṣe kọ́ ọ, ìyá mi náà kò sì kàwé. Ta ló sọ fún mi pé Pọ́ńtíù Pílátù ni, ẹnì kan ṣoṣo? Ta ló mọ ẹni tó ń jẹ́ Pọ́ńtíù? Pọ́ọ̀lù ni mo mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti gbà pé òun àti Pílátù ni wọ́n jọ na Olúwa, pé ìdí nìyẹn tó fi ń pe ara rẹ̀ ní olórí ẹlẹ́ṣẹ̀ káàkiri nínú lẹ́tà rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kà á pé ó ní kí obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ, mo máa ń sọ nínú ara mi pé, ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tó na Jésù.

Ẹ̀rín bú. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ ni ọkùnrin tí mo wá gbèjà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu orúnkún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń já ṣooro látẹnu rẹ̀ láìkọsẹ̀ níbì kankan. Àlùfáà bo ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ìbínú gidi wá wọ inú mi, ó sì tutù bí irin.

Mo ní, "Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Olùkọ́, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo máa ń jókòó sí. Ọdọọdún lẹ ń gbọ́ mi. Mo fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan Pọ́ọ̀lù níwájú pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì ní ẹnu mi dá ṣáká, nítorí ó ń yára. Mo sáré parọ́, ẹ gbà mí wọlé, ẹ fún mi ní búrẹ́dì. Ọkùnrin yìí ń rọra sọ òótọ́, ẹ tì í síta. Ṣé ìsáré la wá sá ni? Ta lẹ rò pé ó ń dúró dè yín níbi tí ẹ ń sá lọ?"

Bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú iná wá.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ ohun tíyẹn jẹ́. Láti títì kan dé èkejì, gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ké lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn á fi oúnjẹ sílẹ̀, á fi ìyàwó sílẹ̀, á sá lọ sídìí ẹ̀rọ kí iná tó tún lọ. Olùkọ́ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò kí n tó pa ẹnu dé. Ó ní iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fẹ́ gbà. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú yín." Ó lọ. Mo rò pé àlùfáà náà máa dìde. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọ̀dọ̀ ọlọ́mọlanke.

Ó ní, "Bàbá, mi ò ní ẹ̀rọ kankan tí mo fẹ́ lọ tàn. Ẹ pe Baba."

Ó pè é. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó nira láti gbọ́. Mo fi etí gèlè di ẹnu mi pa, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti há sí i lẹ́nu ni ahọ́n tèmi ń fò láti lọ bá a gbé e. Ẹ̀rọ ilé kejì ń lọ, gbà-gbà-gbà-gbàdà, gbà-gbà-gbà-gbàdà, ó ń tún nǹkan kan náà pè lórí nǹkan kan náà. Mo wá rò ó pé akólòlò kúkú ni gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bí iná bá ti dé ni wọ́n máa ń kólòlò, kò sì sí ẹni tó ń ní kí wọ́n jókòó, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé ìwé ń bọ̀ níwájú.

Ó ka àdúrà, kò fo nǹkan kan. Ó ka Ìgbàgbọ́. Nígbà tó dé ibi ìjìyà, ó yíjú sí mi. "P-P-P-Pọ́ńtíù," ó wí. Títí dòní ni mo ṣì ń sọ pé kò kólòlò níbẹ̀ yẹn, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Àlùfáà ní, "Ó yege." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìsìn pé. Bíṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn tó ń ya fídíò dé pẹ̀lú iná wọn. Ọmọbìnrin tó ń relé ọkọ sọ tirẹ̀, ó tún sáré. Ó wá kan ọlọ́mọlanke. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i pé òógùn ti mu ọrùn aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ fún un.

"B-b-b-b..."

Kí ló wá sí àwọn ará ìjọ wa lọ́kàn? Àánú! Wọ́n ṣàánú rẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ níwájú, èkejì gbà á, kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bá a ka Àdúrà Olúwa lóhùn òkè, pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú omijé lójú àwọn mìíràn. Ohùn wọn bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da yanrìn lé èèyàn lórí. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé. Wọ́n kà á dé Àmín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Olùkọ́ kíláàsì ti na ọwọ́ sí ibi omi pé kó máa bọ̀.

Kò mira.

Ó gbé ọwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ síta, bó ṣe máa ń fi dá mọ́tò dúró ní ìkóríta tó bá fẹ́ fi ẹrù sọdá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí àtẹ́wọ́ fi kú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"B-b-b..."

Ohùn obìnrin kan tún gbéra láàárín ìjọ, "Baba w..."

Mo yíjú padà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ wà nítòsí ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Ṣé bàbá tiyín ló ń pè ni?"

Àwọn ọmọ mi tó wà nílé lójú fóònù gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lókè òkun gbọ́ ọ. Mo rò pé bíṣọ́ọ̀bù máa ní kí wọ́n mú mi jáde. Bàbá arúgbó náà wò mí, ó wo ọkùnrin náà, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba. Nígbà tí ìjọ rí i pé bíṣọ́ọ̀bù tẹ orí ba, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Gbogbo wọn tẹ orí ba. Ọmọ kékeré kan ń sunkún níta. Ẹnì kan ń wúkọ́. Àkùkọ aládùúgbò, tí kò mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, kọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ba-baba," ó wí. "Baba wa."

Ó sì ń bá a lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú títí di báyìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n yí i ká lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: "Ẹ ò rí i? Àwọn àgbà kì í parọ́. Akólòlò ti pe bàbá!" Olùkọ́ náà ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé òwe ló dúró tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nínú ooru. Wọ́n gbé ọpẹ́ fún òwe. Mo pòṣé débi pé gèlè mi tú.

Mi ò mọ ìwé, mi ò sì lè wàásù. Ṣùgbọ́n mo mọ irú Ọlọ́run tí mo fẹ́ máa sìn. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbogbo wa ń lọ kí a tó ya ẹnu, kì í sì í bá wa parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú wa ni, tó ń wo aago, ta ni nínú wa ni kò bá ti ní kó jókòó? Èmi tí mo ń fi ẹ̀sùn kan Pọ́ọ̀lù?

Ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, a tò síwájú fún Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ọlọ́mọlanke dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó já sáàárín èmi àti olùkọ́ kíláàsì lórí ìlà. Ó kúnlẹ̀. Àlùfáà gbé búrẹ́dì dúró níwájú rẹ̀, ó ń dúró kó ṣe Àmín. "À-à-à..." Ìlà dúró. Mo gbọ́ tí olùkọ́ ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré nínú àpò. Mo yíjú, mo sì fi ojú sọ fún un pé kó gbìyànjú ẹ̀ wò. Kọ́kọ́rọ́ dákẹ́.

Ní Monday, ó ti ọmọlanke dé ọ̀dọ̀ mi, àjẹkù kún un bámúbámú. Mo ní kó má já a síta, kó gbé e wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Mo ní, "Wọlé jàre. Kí lò ń wò?"

Ó gbé e wọlé. Ó jókòó lórí àpótí mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ pé èébú ń bọ̀.

"Ẹ ṣé o, ì-ì-ìyá P-P..."

Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Gbogbo Bajulaiye ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi fò. Mo fi eyín dì í mú.

"Ìyá P-P-Pọ́ọ̀lù à-àti..."

Oníbàárà kan dúró níta, ó ń bi mí pé ṣé mò ń tajà ni àbí mi ò tajà. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo ká ọwọ́ lẹ́rán, mo sì dúró títí ó fi bú mi tán.